Ọmú Ọmọ Nìkan Kò Tó Òkété Mọ́

Àwọn àgbà wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A kò tako òwe náà. Ohun tí a tako ni pé a ń fi í tan ara wa jẹ, nígbà tí ọmọ ti lọ sí Kútọ́nù tàbí Èkó, tí òun pàápàá kò tíì rí jẹ.

Òṣìṣẹ́ tí a san owó fún ní CNSS fún oṣù 180 yóò gba owó ìfẹ̀yìntì bó bá pé ọmọ ọdún 60. Àgbẹ̀ Bantè tó fi ogójì ọdún gbin kajú ńkọ́? Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Savalou ńkọ́? Ètò ARCH tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní adójútòfò ìlera àti ti ìfẹ̀yìntì nínú fún irú wọn, ṣùgbọ́n ìwé Faransé kò lè bá ẹni tí kò gbọ́ Faransé sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ lọ béèrè ní ilé mẹ́ríì bí àgbẹ̀ ṣe lè wọlé. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó kajú lọ́dọọdún.

A mọ bí a ti ń dáwó ìsìnkú: màlúù, aṣọ ẹgbẹ́, ìlù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń dáwó ogbó.