Ẹ Rán Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ Ka Ìlú Wọn

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìjọba tí kò mọ iye ọmọ tó wà nílùú kò lè mọ iye yàrá ìkàwé tó yẹ kó kọ́. Ọdún 2006 ni wọ́n ka àwọn ènìyàn Nàìjíríà kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó dìbò. Èyí tí wọ́n ṣètò fún ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú.

Nítorí náà, kò yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa ìkójọ ìsọfúnni parí sí ojú pátákó, níbi tí olùkọ́ yóò ti kọ nọ́ńbà mẹ́wàá sílẹ̀ láìsọ ohun tí wọ́n kà tàbí ẹni tó kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó, ṣe àpẹẹrẹ. Bí olùkọ́ bá rán àwọn ọmọ lọ sí agbo-ilé láti béèrè nípa omi, oríṣi ìdáhùn méjì ni wọn yóò mú bọ̀. Kànga, kànga-dẹ̀rọ̀, odò, omi òjò: irú nǹkan nìyẹn. A lè ka ilé tó ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kò lè ro kànga pọ̀ mọ́ odò. Iye garawa tí ilé kan ń lò lóòjọ́ àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń rìn dé ìdí omi, iye gan-an nìyẹn. A lè rò ó pọ̀, ká sì pín in. Ọmọ yóò tún mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye. Ta ni yóò ro ti bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìyá rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìpín-sí-ọ̀wọ́ yìí kì í ṣe eré. Nínú ìkànìyàn ọdún 1991 àti 2006, wọn kò béèrè ẹ̀sìn àti ẹ̀yà, nítorí awuyewuye. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi ń sọ iye Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bó ṣe wù ú. Ohun tí a kò bá béèrè, àhesọ ni yóò gba ipò rẹ̀.

Lóòótọ́, kíláàsì kún, àkókò kò sì tó. Síbẹ̀, ìwé àti pẹ́ńsù̀lù nìkan ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Kí àwọn ọmọ kí àgbà, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lẹ àbájáde rẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́, kí àwọn òbí, àwọn olóyè àti kánsílọ̀ lè kà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèlérí omi lọ́jọ́ ìpolongo, kó kọ́kọ́ ka ìwé yẹn.