Aṣọ Ìtàgé Nínú Fọ́tò Ọdún 1891

Kò sí ẹni tí yóò rí òṣèré nínú aṣọ ìtàgé tí yóò rò pé òun ni ó fi ń lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n bí òṣèré náà bá jẹ́ adúláwọ̀, tí wọ́n sì yà á ní fọ́tò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gba aṣọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí irú ẹni tí ó jẹ́.

Ẹ wo ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń pè ní African Choir. Láti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1891, láti fi orin wá owó tí wọn yóò fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé. Wọ́n kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ní Osborne House. Ilé-iṣẹ́ London Stereoscopic Company sì ya àwòrán wọn. Òwò ńlá ni fọ́tò òṣèré nígbà náà. Láti ìgbà tí Disdéri ti gba àṣẹ fọ́tò pélébé ní Paris ní 1854 ni àwọn ènìyàn ti ń ra irú rẹ̀ sínú ìwé fọ́tò wọn. Ohun tí yóò tà ni ayàwòrán ń wá.

Awọ ẹran àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ó pọ̀ jù lára wọn nínú àwòrán wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀mọ̀wé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ni púpọ̀ nínú wọn. Lórí ìtàgé, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ní ìdajì kìíní. Bí ó bá di ìdajì kejì, wọn a jáde nínú aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ eré ni méjèèjì, nítorí òǹwòran ni wọ́n ṣe wọ̀ wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí-ìn nìyí: ní 1862, Camille Silvy ya Àìná, ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ ní Sarah Forbes Bonetta, nínú aṣọ Òyìnbó gbàgẹ̀rẹ̀. Àìná kì í ṣe òṣèré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀làjú ni a ń pe aṣọ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ẹni tí ó yàn án fún un.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwo gíláàsì àwọn akọrin náà fi wà ní ìpamọ́ kí ilé-iṣẹ́ Autograph tó tẹ̀ wọ́n jáde fún ìpàtẹ ní London ní 2014. Nísinsìnyí tí wọ́n ti wà ní àrọ́wọ́tó olùkọ́, kò yẹ kí a lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì láìlórúkọ, kí a kàn kọ “Àṣà Áfíríkà” sábẹ́ wọn. Charlotte Manye wà láàrin wọn. Ó gboyè ní Wilberforce University ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó sì dá Bantu Women's League sílẹ̀ ní 1918. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà, kí wọ́n sì fi kún un pé iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní Kimberley kí ó tó wọkọ̀ ojú omi.