Ṣé torí pé ó ṣe sójà rí ni?

Ẹ̀yin ará wa ní Zaria,

Ìlú tó ní Depot là ń gbé, a mọyì sójà. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́: ẹni tó ṣiṣẹ́ ìlera ní bárékè, tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Gari láìníwèé, kò dáa!

Lójú ogun, wọ́n á fún okùn mọ́ apá pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ní láàbù, okùn yẹn ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 1 lọ, kí èsì má baà yí padà. Tó bá kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò onídèérí elésè-àlùkò, kó tó gba ti onídèérí pupa, kẹ́míkà lè ràn án, kí potassium ga lórí ìwé láìga lára. Dókítà á wá máa wo àìsàn tí ò sí!

Òfin ọdún 2003 tó dá àjọ MLSCN sílẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ láàbù forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "bàbá sójà mọṣẹ́", ẹ dáwó ilé-ìwé fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́, ìwé ló kù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa ni o!