Ẹ Jẹ́ Kí Awòsàn Yan Ìhámọ́ra Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni òfin tuntun kan ti dé sínú ẹgbẹ́ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde jọ ń ta World of Warcraft Classic lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òfin náà ni pé awòsàn tí stats ìhámọ́ra rẹ̀ kò bá tó iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ kan, kò ní bá wa wọ Zul'Gurub. Wọn kì í bi í léèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í bi í pé ta ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ló sì fà á. Wọ́n á ní kó fi ìhámọ́ra rẹ̀ hàn, wọ́n á ka nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èrò tèmi ni pé òfin yìí kò dára, àwọn tí a nílò jù lọ ló sì ń lé dànù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ta á. Ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé World of Warcraft jáde. Ní 2019 ni wọ́n dá irú ti àtijọ́ padà, òun la ń pè ní Classic. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìjà rẹ̀. Tank ni yóò dúró níwájú tí ọ̀tá yóò máa lù. Àwọn kan ni yóò máa lu ọ̀tá. Awòsàn ni yóò máa pe ọfọ̀ ìwòsàn sára àwọn yòókù kí wọ́n má baà kú. Mana ló fi ń pe ọfọ̀. Bí mana bá tán, òun náà di òǹwòran. Gbogbo ohun tó wọ̀, láti orí fìlà dé orí bàtà, títí kan òrùka àti ọ̀pá, ló ní nọ́ńbà lára. Àwọn nọ́ńbà náà là ń pè ní stats, èèyàn kò sì lè kó gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá mú èyí, wàá fi tọ̀hún sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yíyàn fi wáyé.

Àwọn tó ń lu ọ̀tá ló kọ́kọ́ kọ́ wa láti máa fi àkọsílẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, ti wọn sì tọ́. Mage tó dojú kọ ọ̀gá ọ̀tá inú raid mọ̀ pé ọfọ̀ òun lè tàsé nígbà 17 nínú 100. Ohun tó lè mú àṣìtàsé yẹn kúrò ni stat tí à ń pè ní hit. Tó bá ti kó 16 nínú ọgọ́rùn-ún jọ, ó ti dé òpin. Ẹyọ kan tó kù kò ṣeé mú kúrò láé. Níbẹ̀, nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ òtítọ́ fún gbogbo mage, ì báà wà ní Lọ́ndọ̀n, ì báà wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ìwòsàn kì í tàsé ẹni tí a pè é sí. Awòsàn kò ní irú òpin yẹn. Ohun tó ń wá ni kí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà láàyè títí ọ̀tá yóò fi ṣubú, kí mana rẹ̀ sì tó o dé ibẹ̀. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òun nìkan. Ó wà lọ́wọ́ tank, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń luni, ó sì wà lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: Spirit àti MP5. Àwọn méjèèjì ló ń dá mana padà. MP5 kì í sinmi. Iye tó bá wà lára ẹ̀wù ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, bóyá ò ń pe ọfọ̀ tàbí o kò pè é. Spirit yàtọ̀. Gbàrà tí ọfọ̀ bá ti gba mana lọ́wọ́ rẹ, Spirit yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Priest tó ní talent Meditation kíkún yóò máa rí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbà lásìkò yẹn.

Ká ní aṣọ méjì wà níwájú Priest kan, ọ̀kan ní 20 Spirit, èkejì ní 8 MP5. Fún Priest, 20 Spirit ń mú mana 12.5 wá ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún bó bá ti jáde kúrò nínú ìdákẹ́ yẹn. Bó bá wà nínú rẹ̀, kò tó mana 2. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kí aṣọ Spirit tó lè borí, Priest náà gbọ́dọ̀ lo nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ìjà láìsí nínú ìdákẹ́. Talent Spiritual Guidance yóò tún fi agbára ìwòsàn 5 kún un nítorí 20 Spirit náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ra ju bó ṣe rí lójú lọ. Ta wá ló lè sinmi tó bẹ́ẹ̀? Nínú raid ẹlẹ́ni ogójì, níbi tí àwọn awòsàn ti pọ̀ tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe. Nínú dungeon ẹlẹ́ni márùn-ún tí ìwọ nìkan jẹ́ awòsàn, tí tank sì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, wàá sinmi kẹ̀!

Irú raid ẹlẹ́ni ogójì yẹn ni wọ́n kọ àkọsílẹ̀ wa fún. Ẹni tó kọ ọ́ mọṣẹ́. N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó gbà pé Druid kan wà nítòsí tí yóò pe Innervate sí ọ. Fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, Innervate ń sọ Spirit di ìlọ́po márùn-ún, kò sì ní í dákẹ́ bó o tilẹ̀ ń pe ọfọ̀. Priest tó ní 200 Spirit yóò rí mana tó lé ní 3,000 gbà láàárín ìgbà yẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi MP5 ṣe? Ṣùgbọ́n Druid kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ wa, tank ni, Innervate rẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Paladin tún nìyẹn. Àkọsílẹ̀ wa fi crit sí ìsàlẹ̀ fún gbogbo awòsàn, nítorí pé a kò lè mọ ìgbà tí yóò wáyé. Fún Priest, ọ̀rọ̀ náà ní láárí: crit ń sọ ìwòsàn di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lè ṣòfò sára ẹni tí ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Paladin tí talent Illumination rẹ̀ kún ń gba mana ọfọ̀ padà nígbàkígbà tí ọfọ̀ ìwòsàn rẹ̀ bá ṣe crit. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, mana ni crit. Ẹni tó bá ní kí ó bọ́ crit sílẹ̀ kó lọ kó Spirit jọ ti bọ́ ọ síhòòhò.

Àwa tí a wà nílé tún wà lábẹ́ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ndọ̀n kò mọ̀ lára mọ́. Kò sí sáfà géèmù yìí ní Nàìjíríà. Ti Yúróòpù là ń lò. Kí o tó rí i pé tank ń kú lọ, ó ti pẹ́. Kí ọfọ̀ rẹ sì tó dé ọ̀dọ̀ sáfà, ó tún pẹ́ sí i. Priest tó wà lẹ́bàá sáfà lè bẹ̀rẹ̀ Greater Heal, kó wo ojú tank, kó sì fagi lé ọfọ̀ náà ní kété tó kù kó parí bí tank kò bá nílò rẹ̀. Mana rẹ̀ kò dín, Spirit rẹ̀ kò dákẹ́. Bí èmi bá dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú dátà orí fóònù ní alẹ́ tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń wo fíìmù, ọfọ̀ náà yóò ti jáde kí àṣẹ mi tó débẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n ṣíwájú. Mo máa ń fi Renew sára tank kí wọ́n tó lù ú. Renew ń gba gbogbo agbára ìwòsàn tó wà lára ìhámọ́ra, ó kàn ń pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 15 ni. Flash Heal tó yára kò rí ju ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbà. Fún ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fà, agbára ìwòsàn àti MP5 ló bọ́gbọ́n mu. Fún ẹni tí tirẹ̀ ń já geere, Spirit lè dára jù. Priest ni àwa méjèèjì. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo kò lè ṣe ìdájọ́ wa.

Ohun tó burú jù nínú òfin yìí ni ohun tó ń sọ àwọn awòsàn dà. Torí kí wọ́n lè kọjá, wọ́n ń kó agbára ìwòsàn jọ láìka mana sí. Nọ́ńbà wọn ga, orúkọ wọn sì máa ń wà lókè pátápátá lórí mítà nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀tá bá ku díẹ̀ kó ṣubú, mana wọn ti gbẹ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi Heal onípele 4, tí mana rẹ̀ kò tó ìdajì ti Greater Heal tó ga jù lọ, gbé tank dé òpin kò ní orúkọ lókè mítà. Ó sì jẹ́ pé nítorí ọfọ̀ méjèèjì gba àkókò kan náà, iye kan náà ni wọ́n ń rí gbà lára agbára ìwòsàn. Mítà kò sọ ìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn olórí ẹgbẹ́ yóò sọ. Wọ́n á ní ènìyàn ogún ló ń fi alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀, àwọn kan ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, àwọn kan ra dátà, àwọn kan sì ní iṣẹ́ láàárọ̀. Kò dáa kí ẹnì kan tí kò múra sílẹ̀ ba ti gbogbo wọn jẹ́. Òtítọ́ ni. Èmi náà kò fẹ́ awòsàn tó wọ ẹ̀wù jagunjagun wá. Ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ yàtọ̀ sí ìjọra. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ohun tí mo dábàá nìyí. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà tì, kí ẹ wá bi awòsàn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta lẹ́yìn dungeon kan tàbí méjì. Èkíní: mana mélòó ló kù nígbà tí ọ̀tá ṣubú? Bó bá máa ń tán kí ìjà tó parí, kó wá MP5 tàbí Spirit, kó sì lo ọfọ̀ onípele kékeré. Bí ìdajì rẹ̀ bá ń ṣẹ́ kù nígbà gbogbo, ó lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra agbára ìwòsàn. Èkejì: ta ló kú nígbà tí mana ṣì wà, kí ló dé? Bó bá jẹ́ pé ọfọ̀ pẹ́ ni, ìhámọ́ra kọ́ ni wàhálà. Ẹ̀kẹta: mélòó nínú ìwòsàn rẹ̀ ló dà sára ẹni tí ara rẹ̀ ti yá? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá yè kooro, ẹ jẹ́ kó wọ ohun tó wù ú.

Awòsàn mẹ́rin la ní nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀. Àwa méjì ló kù. Àwọn méjì tó lọ, akẹ́kọ̀ọ́ 200-level ni wọ́n. Nọ́ńbà wọn kò tó, kò sì sẹ́ni tó ráyè wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, a kò wọ Zul'Gurub rárá, nítorí kò sí ẹni tí yóò wo àwọn tí nọ́ńbà wọn pé sàn. Torí kí àwọn tó wà nílé àti àwọn tó ti lọ sí òkèèrè lè máa gbúròó ara wọn la ṣe dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ pe àwọn ọmọ náà padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀wù tí wọ́n ní wá, kí a jọ wo ohun tó kù lẹ́yìn ìjà.