Ta Ni Ó Sọ Pé Inú Wa Dọ̀tí?

A gbọ́ pé àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ wa yóò mú àbá kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, pé nígbà àjọ̀dún wa kí a fi àyè sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn fún àwọn tí ń ta tíì ìfọnú, àgbo inú ìgò, àti ìwé ètò oúnjẹ ọlọ́jọ́ méje tí a fi ń fa ikùn wọlé. Ìdí tí wọ́n fi gbe àbá náà lẹ́sẹ̀ ni pé ohun ìbílẹ̀ ni, pé ọgbọ́n àwọn baba wa ni, àti pé Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti gbé àṣà Yorùbá ga kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Nítorí pé orúkọ àwọn baba wa ni a fi bẹ̀ wá, a kò lè dákẹ́. Àwa kò fara mọ́ àbá náà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni má ba à wí pé ẹ̀yìn òun ni a ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn olùtà ń wí. Wọ́n ní oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ ń fi májèlé sílẹ̀ nínú ara. Wọ́n ní májèlé náà a máa lẹ̀ mọ́ ìfun bí èéfín ti í lẹ̀ mọ́ àjà. Wọ́n ní òun ni ó ń mú ni sanra, òun ni ó sì ń mú kí ara máa rẹ ni. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun ire, tàbí tí ó bá fẹ́ kí ara òun fúyẹ́, àfi kí ó kọ́kọ́ fọ inú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni, tàbí méje, tàbí mọ́kànlélógún, tí kò ní jẹ ohun gidi kan bí kò ṣe tíì, omi ewúro, omi kùkúḿbà àti àgbo. (Ìgbà tí kùkúḿbà di ohun ìbílẹ̀ Yorùbá, àwa kò sí nílé.) Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "detox".

Ìbéèrè wa kìíní kò ṣòro rárá: kí ni orúkọ májèlé náà? Ní ọdún 2009, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Sense About Science, mú ohun 15 tí a ń tà fún ìfọnú àti ìfọra, láti orí omi inú ìgò títí dé ohun ìfọjú, wọ́n sì bi àwọn tí ó ṣe wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kò sí ọ̀kan tí ó lè dárúkọ májèlé tí ọjà rẹ̀ ń lé jáde. Kò sì sí méjì nínú wọn tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bákan náà. Ní 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Australia, Klein àti Kiat, tú gbogbo ìwé ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí wò, wọn kò sì rí ìdánwò kan ṣoṣo tí a fi gègé pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan máa ṣe ìfọnú tí a ń tà lọ́jà, kí apá kejì má ṣe é, kí a sì wo èyí tí ó sàn jù. Owó ti wọlé kí ẹ̀rí tó dé.

Àwa kò wí pé májèlé kò sí. Ó wà, a sì ti rí i ní orílẹ̀-èdè wa yìí. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tí ń wa wúrà ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn, òjé sì wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ kún ilé, ó bọ́ sínú oúnjẹ àti omi, ó sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Kí ni àwọn oníṣègùn ṣe? Wọ́n dárúkọ májèlé náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, wọ́n wọn iye òjé tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí í so mọ́ òjé tí í sì í bá a jáde nínú ìtọ̀, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. A sì kó erùpẹ̀ onímájèlé kúrò ní àgbàlá wọn, nítorí pé kò sí èrè nínú kí a máa wẹ ọmọ tí ń padà sínú ẹrẹ̀. Bí a ti í yọ májèlé kúrò nínú ara ènìyàn nìyẹn. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tí ó ń lé, tí kò wọ̀n ọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì wọ̀n ọ́n nígbà tí ó parí, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ohun kan jáde?

Ní ti ìdọ̀tí tí ara ń ṣe lójoojúmọ́, Ẹlẹ́dàá kò fi í sílẹ̀ de oníṣòwò. Ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún wa, ó tó kílò kan àti ààbọ̀ nínú àgbàlagbà. Òun ni ó ń gba oògùn, ọtí, àti ohun tí ó ṣẹ́kù lára ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbó, tí ó ń yí wọn padà di ohun tí omi lè gbé lọ; ó ń da apá kan sínú òróòro kí ó bá ìgbẹ́ jáde, ó ń fi apá kejì ránṣẹ́ sí kíndìnrín. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ tí ó tó lítà 180 ní ọjọ́ kan. Ìyá tí ń sẹ́ ògì mọ̀ pé ohun rere a máa kọjá nínú asẹ́, èérí a sì kù sókè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kíndìnrín jinlẹ̀ ju ti asẹ́ lọ, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá ti sẹ́ gbogbo rẹ̀ tán, yóò tún fà á wò, yóò dá omi, ṣúgà àti iyọ̀ tí ara nílò padà sínú ẹ̀jẹ̀, títí yóò fi ku bí i lítà kan tàbí méjì péré tí a ń tọ̀ dànù. Lóru, nígbà tí a bá ń hanrun, iṣẹ́ náà ń lọ. Nígbà tí kíndìnrín bá sì kọṣẹ́, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé ènìyàn lọ bá ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú owó tí ó ń sọ ìdílé di aláìní. Bí tíì bá lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ta ni ìbá máa lọ bá ẹ̀rọ?

"Ṣùgbọ́n mo mu ún, mo sì fúyẹ́!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, a kò sì pè wọ́n ní òpùrọ́. Òṣùwọ̀n kò purọ́; ìtumọ̀ tí a fún un ni kì í ṣe òótọ́. Ara a máa fi ìwọ̀nba oúnjẹ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, bí àgbẹ̀ ti í kó ọkà sí àká, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ a sì máa di omi bí i gíráàmù 3 mú. Nígbà tí a bá dẹ́kun oúnjẹ, èyí ni ara kọ́kọ́ ń ná, omi rẹ̀ a sì bá a lọ. Ọjọ́ tí a bá padà sídìí iyán, omi náà padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rá ni ó pọ́n lójú láti yọ. Kílò kan ọ̀rá ara ní agbára bí i kálórì 7,700 nínú. Oúnjẹ òòjọ́ obìnrin tí ó ti dàgbà a máa tó bí i 2,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, ẹ̀yin olùkọ́: ẹni tí kò bá fi ẹnu kan nǹkankan láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, ọ̀rá tí yóò jó kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta kílò kan. Ní ọjọ́ méje, pẹ̀lú ebi pátápátá, kò lè pé kílò méjì. Kí wá ni a ó wí nípa ìwé tí ó ṣèlérí kílò márùn-ún tàbí mẹ́wàá?

Ewé tí ó wà nínú púpọ̀ nínú tíì wọ̀nyí ni sẹ́nà, ìbátan asùnwọ̀n tiwa, ewé tí í mú ni yàgbẹ́. Ìfun ńlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti la ìfun kékeré kọjá, tí ara sì ti fa èyí tí ó fẹ́ fà. Ní ọdún 1983, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà wọn èyí náà: àwọn obìnrin tí wọ́n lo oògùn ìyàgbẹ́ ya omi tí ó tó lítà mẹ́rin sí mẹ́fà, síbẹ̀ nínú agbára oúnjẹ tí wọ́n jẹ, ìdá 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dín kù. Omi àti iyọ̀ ara ni ó ń dà nù, iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù dáradára. Ohun tí ń dín kù yìí ni wọ́n ń sanwó fún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé àwọn baba wa ni ó kọ́ wa. A fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí ó mú wa bínú gan-an nìyí.

Ẹ̀kọ́ pé ìfun ń fi májèlé pa olówó rẹ̀ kì í ṣe ti Ifẹ̀ tàbí ti Ọ̀yọ́. Charles Bouchard, dókítà ilẹ̀ Faransé, ni ó gbé e jáde ní àwọn ọdún 1880. Ó tàn dé London, níbi tí oníṣẹ́ abẹ olókìkí kan, Sir William Arbuthnot Lane, ti ń gé ìfun ńlá àwọn ènìyàn dànù nítorí pé wọn kì í rí ìgbẹ́ yà. Ní 1919, Walter Alvarez ní Amẹ́ríkà bì í wó. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé májèlé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fọ́ ni lórí, kò yẹ kí orí fúyẹ́ ní kété tí a bá yàgbẹ́ tán, nítorí oró kì í yára jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfun tí ó kún tí ó sì ń fẹ̀ ni ó ń fa ìnira. Àwọn oníṣègùn Òyìnbó tú ká nídìí ẹ̀kọ́ náà, àwọn oníṣòwò wọn ṣa á. Stanley Burroughs, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ ní 1976: omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù, omi dídùn inú igi maple àti ata gígún, fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, pẹ̀lú omi iyọ̀ àti tíì ìyàgbẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kú sí ọwọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti California ní 1984, a yí ìdájọ́ ìpànìyàn padà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ pé ó ń ṣe oníṣègùn láìgba ìwé àṣẹ dúró. Lẹ́yìn náà, ní 2006, olórin Beyoncé wí pé ètò yìí ni òun fi dín ara òun kù fún sinimá Dreamgirls, ayé sì tún gbà á bí ohun titun. Ọjà tí a kọ̀ ní òkè òkun ni a wá wọ aṣọ àdìrẹ fún, tí a ń mú wá jókòó sí àárín wa bí ìyá àgbà.

Àwọn baba wa mọ egbòogi ìyàgbẹ́. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò mọ ilẹ̀ wa. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wà, asùnwọ̀n wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń run, tàbí tí ó ti pẹ́ tí kò yàgbẹ́, ni a ń fún. Oníṣègùn a bi í léèrè ohun tí ń ṣe é, a wo ojú rẹ̀, a bi í bóyá ó lóyún. Kò sí oníṣègùn ìbílẹ̀ kan tí a mọ̀ tí í fún abiyamọ, arúgbó àti ọ̀dọ́mọbìnrin ní àgbo kan náà nítorí kí ikùn wọn lè tẹ́. Nínú èdè wa, "ó rù" kì í ṣe ìyìn. Àánú ni a fi ń sọ ọ́. Àti pé, kí a sọ òótọ́, bí àwọn baba wa tilẹ̀ ti sọ pé inú wa dọ̀tí, ìfẹ́ tí a ní sí wọn kò lè sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ di òtítọ́. Àṣà kì í ṣe àpò tí a ń di ohun gbogbo sí.

Ẹni tí ó bá rò pé eré ni a ń ṣe, kí ó bi àwọn tí ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. A ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin mu tíì, tí ojú wọn ṣú nínú kíláàsì, tí wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní ìlà àdúrà òwúrọ̀. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lo oògùn wọn láìjẹun wà nínú ewu tí ó ju èyí lọ, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀ lójijì. Ní 2018, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa obìnrin kan tí omi ewé tútù tí ó fi ń fọ inú ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́: ẹ̀yà ara tí ó ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ gan-an ni ó fi ìwẹ̀nùmọ́ pa. Sibutramine, oògùn ìdínra tí a fòfin dè ní Yúróòpù tí a sì kó kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 2010 nítorí ewu rẹ̀ fún ọkàn, ni a ti bá léraléra nínú tíì àti kọfí tí a kọ "ewé nìkan" sí lára. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi nọ́ńbà NAFDAC ara páálí dá ara rẹ̀ lọ́kàn le. Ẹ yí páálí náà padà: lórí àwọn àgbo tí a kàn forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ ó rí i tí a fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò.

Àwa tí a ń wàásù náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń fi ààwẹ̀ polówó ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àga ìwàásù. Ààwẹ̀ jẹ́ ti àdúrà àti ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbààwẹ̀ nítorí òṣùwọ̀n, kí ó máa pè é ní orúkọ rẹ̀.

A kò wí pé kí ẹni tí ó sanra jù jókòó tẹtẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń pa wá, ọ̀nà ọ̀fun sì ni ọ̀nà ọ̀run. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mínírà tí a ń fi lé gbogbo oúnjẹ, kí a fi omi rọ́pò rẹ̀. Òkèlè tí ó ga bí òkè Olúmọ, kí a bù ú kù, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀wà gba àyè rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400 lóòjọ́, kí iyọ̀ má sì tó gíráàmù 5, èyí tí iyọ̀ inú mágì wà nínú rẹ̀. Kí a máa fẹsẹ̀ rìn. Ààbọ̀ kílò ní ọ̀sẹ̀ kan kò dùn ún pariwo lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í padà wá ní ọjọ́ Ajé.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni àbá náà: kí wọ́n dárúkọ májèlé; kí wọ́n sọ ọ̀nà tí a fi lè wọ̀n ọ́n ṣáájú tíì àti lẹ́yìn rẹ̀; kí wọ́n sì sọ èyí tí ó jẹ́ ti Yorùbá nínú ohun tí wọ́n fẹ́ wá tà. Ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún ìdáhùn wọn, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ́, láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bí ìdáhùn kò bá dé kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, tí a sì ní kí àwọn tí ó fara mọ́ àbá náà na ọwọ́, tiwa yóò wà ní itan wa.