Ìkìlọ̀ fún Ará Kankon: Ọwọ́ Tó Rọ, Tó Tún Jí

Ẹ̀yin ará Kankon, àti gbogbo ẹ̀yin tó ń gbé létí òkun láti Àgbádárìgì dé Sèmè, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ṣàdédé rọ, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tí ojú kan ṣókùnkùn bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bò ó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣì gbé e lọ. Èyí tó lọ yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ ké sí yín.

Wọ́n á ní àárẹ̀ ni. Wọ́n á ní ayé ló fẹ́ ṣe é, Ọlọ́run ò gbà. Bàbá á padà sídìí àwọ̀n, ìyá á padà sídìí ẹja tó ń yan. Kò tíì tán o! Ọjọ́ 2 tó tẹ̀ lé e ni ewu rọpárọsẹ̀ gidi pọ̀ jù.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á nìyí: iṣan ńlá méjì ló gba ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ọ̀rá lè dì sínú wọn títí ọ̀nà á fi fún. Bó ṣe fún tó làwọn dókítà ń wò tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rá náà tún lè wú, kó máa gbóná nínú, irú èyí ló sì ń tètè ya, tí ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, tí yóò ṣàn lọ dí ọpọlọ. Ní 2002, olùwádìí James Rudd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fún aláìsàn 8 lábẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, wọ́n sì fi ẹ̀rọ PET, tó ń rí ìtànṣán náà, ya àwòrán ọrùn wọn. Ibi tó ń gbóná ń jẹ ṣúgà ju ibi yòókù lọ, ó sì hàn kedere. Lẹ́yìn náà, Peter Kelly àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Dublin rí i pé ẹni tí ọ̀rá ọrùn rẹ̀ ń jẹ ṣúgà jù ni rọpárọsẹ̀ tètè ń padà wá bá.

Ẹ má dúró de ẹ̀rọ yẹn. Irú skáànù tí wọ́n fi ń wo oyún ni wọ́n fi ń wo iṣan ọrùn pẹ̀lú. Ẹ béèrè fún un. Bí ọ̀nà bá ti fún dé ìdá 70 nínú 100, iṣẹ́ abẹ lè là á, ó sì wúlò jù láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ̀yin náà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà lọ́nà àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkẹjà àti Ìdí-Àràbà, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣòfò.

Ẹ má fún aláìsàn náà ní asipirín kí wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀. Nínú aláìsàn rọpárọsẹ̀ 2,118 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Gánà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé iṣan ọpọlọ ló bẹ́. Asipirín á dá kún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ro àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu, ó lè pá a lórí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tí ìwádìí àwọn Owólabí dá lẹ́bi, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tó ti jinná náà wà níbẹ̀. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá a dúró torí pé ara ti yá.

Bí rọpárọsẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà wúlò mọ́ bó bá ti kọjá wákàtí 4 ààbọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà á sì bi yín ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.