Ìjíhìnrere Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Kan Ṣoṣo Nínú Ìjọ

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, bí ẹnì kan bá béèrè iṣẹ́ ìjíhìnrere, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ni wọ́n máa ń nawọ́ sí: àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń jí ní ìdájí, tí wọ́n á gbé mẹ́gáfóònù dé ìkòríta, tí wọ́n á pín ìwé ìléwọ́ fáwọn èrò gáréèjì. Ìyókù ìjọ ń sùn. Nígbà ìkórè, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ra aṣọ, káàdì á jáde, wọn á háyà àtíbàbà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ajíhìnrere bá ní àwọn fẹ́ owó epo ọkọ̀ dé abúlé kan, wọn á ní kí wọ́n lọ dá a láàárín ara wọn. Ìjọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ wà di ohun tí wọ́n ń fi owó tó ṣẹ́kù ṣe.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ṣe dé ilẹ̀ yìí. Oṣù January 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì ti dí. Nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró síbẹ̀, wọn ò sì káwọ́ lẹ́rán: wọ́n ń wàásù, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ní August 1846, nígbà tí Crowther wọ Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀, Afàlá, tí ogun ti yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti 1821. Ọdún 1848 ni ìyá náà ṣèrìbọmi, ara àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ nílùú náà. Ọkùnrin tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 kò fi ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti wàásù fún.

Síbẹ̀, kì í ṣe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìtàn ló gbé ìhìnrere dé ibi tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà 1886 lórí ogun Kírìjì, àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Àwọn kan nínú wọn ti mọ Kristi ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó. Wọn ò gbowó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó fọwọ́ lé wọn lórí. Ojúde ẹnì kan ni wọ́n ń pé sí, wọ́n ń gbàdúrà, ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ní ìlú mìíràn, ìjọ ni àlùfáà bá nílẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Agége. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn àgbà African Church tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, ní oko kòkó ńlá níbẹ̀. Àwọn lébìrà ń ti ìlú lóríṣiríṣi wá síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí wọ́n ń relé, wọ́n gbé èso kòkó lọ, wọ́n gbé ìhìnrere lọ pẹ̀lú, ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láwọn abúlé tí oníwàásù kankan kò tíì dé. Bí wọ́n bá ti ní kí lébìrà dúró de ẹgbẹ́ ajíhìnrere, mélòó ni ì bá gbọ́?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí yàtọ̀, ó sì yẹ kó dun gbogbo onígbàgbọ́. Ìjọ kan ń kún ní apá ibí, èkejì ń gbẹ ní apá ọ̀hún. Àwọn èèyàn kan náà ló ń ṣí láti ibì kan lọ síbòmíràn. Wọ́n ń pe èyí ní ìdàgbàsókè, wọ́n ń ṣèdúpẹ́ lé e lórí, nígbà tí iye àwọn tó mọ Jésù láàárín ìlú kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn náà ń wàásù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló dá wọn sílẹ̀? Àwọn tó wá torí ìhìnrere ló kọ́ ilé ìwòsàn Wesley Guild sí Iléṣà, àwọn náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1896 kí wọ́n lè rí olùkọ́ àti oníwàásù. Iṣẹ́ àánú tí kò sí ìhìnrere nídìí rẹ̀ dára, àmọ́ ìjọba náà lè ṣe é.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ìjà, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń bára wọn jẹun. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí, nítorí oníwàásù tó ń bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn wà. Ṣùgbọ́n Crowther jókòó pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí ní Ìlọrin ní 1872, Bíbélì Yorùbá ló sì fi ń dá ìbéèrè wọn lóhùn láìsí èébú. Ìjọ tó bá fẹ́ wàásù ní àpẹẹrẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ tẹ́ ẹ máa tó jókòó lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, iye tẹ́ ẹ máa fi wàásù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ti àga tuntun àti ti ìkórè. Lẹ́yìn náà, kí kálukú, bẹ̀rẹ̀ látorí páṣítọ̀ fúnra rẹ̀, dárúkọ ẹnì kan tí kò tíì mọ Kristi, kó sì lọ bá a sọ̀rọ̀ kí oṣù yẹn tó parí.